Àlọ àti Ààbọ̀: Ìbéèrè àti Ìdáhùn Lórí Bíbá Ọlọ́run Rìn Nínú Ọkọ̀ Èkó

Ọdún kọkànlá rèé tí mo ti ń lọ tí mo sì ń bọ̀ láàrin Ìkòròdú àti Marina. Aago mẹ́rin ààbọ̀ ìdájí ni mo ń jí, aago mẹ́jọ alẹ́ ni mo sábà máa ń padà rí ẹnu ọ̀nà ilé mi. Àwọn ìbéèrè tó wà nísàlẹ̀ yìí ni àwọn ọ̀dọ́ tí mo ń kọ́ ní ilé ẹ̀kọ́ ọjọ́ ìsinmi, àwọn ará ìjọ, àti àwọn tí a jọ ń tò sórí ìlà lówùúrọ̀ ti bi mí. Mo dáhùn wọn bí ọkàn mi ṣe gbà wọ́n.

Kí ló kan Ọlọ́run nínú wíwọ ọkọ̀ lọ síbi iṣẹ́? Ṣé kì í ṣe kí n ṣáà tètè dé ni?

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ ṣírò. Ẹni tó ń lo wákàtí méjì ní àlọ àti wákàtí méjì ní ààbọ̀, ọjọ́ márùn-ún lọ́sẹ̀, ogún wákàtí ló ti lò lójú ọ̀nà yẹn. Ìsìn ọjọ́ Àìkú tiwa kì í ju wákàtí mẹ́ta lọ, ká tiẹ̀ wá fi ẹ̀kọ́ Bíbélì àárín ọ̀sẹ̀ lé e. Tó bá jẹ́ inú ṣọ́ọ̀ṣì nìkan ni Ọlọ́run ti ń dá wa lóhùn, ta ló wá ni ogún wákàtí tó kù?

Ẹ ṣí Bíbélì, ẹ ó rí i pé ojú ọ̀nà ni ọ̀pọ̀ nǹkan ti ṣẹlẹ̀ níbẹ̀. Jákọ́bù ń sá fún ẹ̀gbọ́n rẹ̀ nígbà tí ilẹ̀ ṣú bá a lọ́nà, tó fi òkúta ṣe ìrọ̀rí. Nígbà tó jí, ó ní, "Lóòótọ́, Olúwa ń bẹ níhìn-ín yìí, èmi kò sì mọ̀." Inú kẹ̀kẹ́ ẹṣin ni ìwẹ̀fà ará Etiópíà wà nígbà tí ìhìn rere bá a. Àwọn ọmọ-ẹ̀yìn méjì fi ẹsẹ̀ rin bíi kìlómítà mọ́kànlá láti Jerúsálẹ́mù lọ sí Ẹ́máúsì, Jésù fúnra rẹ̀ sì ń bá wọn rìn, wọn ò dá a mọ̀. Nígbà tí Mósè sì ń sọ ibi tó yẹ kí òbí ti máa kọ́ ọmọ ní òfin Ọlọ́run, ó dárúkọ ilé, ó sì dárúkọ ọ̀nà: "nígbà tí ìwọ bá ń rìn ní ọ̀nà."

Èyí tó wọ̀ mí lára jù lọ ni ẹsẹ tó kẹ́yìn Sáàmù 121: "Olúwa yóò pa àlọ àti ààbọ̀ rẹ mọ́ láti ìgbà yìí lọ, àti títí láéláé." Ọdún 1884 ni odindi Bíbélì jáde lédè Yorùbá. Àwọn tó túmọ̀ rẹ̀, Samuel Àjàyí Crowther ni aṣáájú wọn, kò wá ọ̀rọ̀ ńlá kankan fún ẹsẹ yìí. Ọ̀rọ̀ tí ìyá ọlọ́jà ń sọ lójoojúmọ́ ni wọ́n mú. Àwa tá a jẹ́ pé "Ó dàbọ̀" là ń sọ fún ẹni tó ń jáde nílé, ààbọ̀ rẹ̀ ti wà lẹ́nu wa kó tó gbé ẹsẹ̀. Tí mo bá ka ẹsẹ yẹn nínú ọkọ̀, ńṣe ló ń dà bíi pé ẹni tó kọ ọ́ mọ bí owó ọkọ̀ ṣe rí.

Mo ti gbàdúrà kí n tó jáde nílé. Kí ló tún kù?

Ẹ ṣeun, ẹ má fi sílẹ̀. Àdúrà tí ọ̀pọ̀ wa jogún ni pé a ò ní rìn lọ́jọ́ tí ebi ń pa ọ̀nà. Ìyá àgbà mi kì í jẹ́ ká kúrò níwájú òun láìsọ ọ́, tó bá sì sọ ọ́ tán, á fi orúkọ Jésù dì í. Ẹni tó bá mọ ọ̀nà wa kò ní fi irú àdúrà bẹ́ẹ̀ ṣeré.

Ohun tó ń dùn mí ni pé tí a bá ti ṣe Àmín, a máa ń ṣe bíi pé a ti fi Ọlọ́run sílẹ̀ lẹ́nu ilẹ̀kùn kó máa ṣọ́ ilé dè wá. Ọmọ tó jẹ́ pé "Bàbá, ẹ gbà mí" nìkan ló ń bá bàbá rẹ̀ sọ kò tíì mọ bàbá rẹ̀ tán. Ọ̀nà léwu, òótọ́ ni, àmọ́ Ọlọ́run tí a ní kó ṣọ́ wa, òun náà ló fẹ́ bá wa jókòó.

Nehemáyà kọ́ mi ní èyí. Ẹni tó ń gbé ọtí fún ọba ni. Ọba bi í pé kí ló ń fẹ́. Kó tó dáhùn, nínú ìṣẹ́jú àáyá yẹn, ó gbàdúrà sí Ọlọ́run ọ̀run, kò sí ẹni tó gbọ́ ọ nínú ààfin. Kò kúnlẹ̀, kò di ojú. Àdúrà tó bá inú ọkọ̀ mu gan-an nìyẹn.

Ariwo pọ̀ nínú dáńfó. Báwo ni ọkàn èèyàn ṣe lè dákẹ́ níbẹ̀?

Kò ní dákẹ́. Èmi náà ti gbìyànjú ẹ̀ títí, mo ti jáwọ́. Kọ́ńdọ́ ń pariwo "Ẹ wọlé pẹ̀lú ṣéńjì yín o!", ẹnì kan ń bá oníbàárà rẹ̀ jà lórí fóònù, rédíò ń sọ̀rọ̀, ọmọ ń ké. Ẹni tó ń wọ ọkọ̀ ojú irin lè rí ìdákẹ́jẹ́ díẹ̀ jù wá lọ, ì báà jẹ́ èyí tó ń lọ láàrin Mile 2 àti Marina láti oṣù kẹsàn-án ọdún 2023, tàbí ti Agbádò sí Ọ̀yìngbò tó bẹ̀rẹ̀ sí í kó èrò ní oṣù kẹwàá ọdún 2024. Ṣùgbọ́n ẹ má dúró de ìdákẹ́jẹ́.

Ohun tí mò ń ṣe ni pé mo fi àwọn bọ́sítọ́ọ̀pù ṣe ìlẹ̀kẹ̀ àdúrà. Àwọn ará wa tó jẹ́ Kátólíìkì mọ bí wọ́n ṣe ń ka Rósárì, tí ìlẹ̀kẹ̀ kan ń fa òmíràn. Bẹ́ẹ̀ ni tèmi. Tí ọkọ̀ bá dé Mile 12, mo máa ń dárúkọ àwọn tó ń ta tòmátì àti ata níwájú Ọlọ́run, àti àwọn awakọ̀ àjàgbé tó fi gbogbo òru kó o wá láti òkè Ọya. Ọ̀kan nínú wọn ló ṣe é tí ọbẹ̀ fi wà nílé mi. Ní Kétu, mo máa ń rántí àwọn tó ń ta èso. Ní Ọ̀jọ́ta, àwọn tó fẹ́ rìn jìnnà lọ́jọ́ náà. Tí a bá dé Ojúẹlẹ́gbà, mo máa ń gbàdúrà fún àwọn tó wà lórí ibùsùn ní ilé ìwòsàn LUTH ní Ìdí-Àràbà, torí ibẹ̀ ò jìnnà. Gbólóhùn kan péré ló ń gbà mí. Ariwo ò dí i lọ́wọ́, kódà ariwo ló ń rán mi létí, torí nígbà tí kọ́ńdọ́ bá ké orúkọ ibi tó kàn ni mo ń mọ ẹni tó kàn.

Tí a bá wá gun afárá Èkó, tí ọ̀sà là sílẹ̀ lápá méjèèjì, mo máa ń dákẹ́ díẹ̀. Lẹ́yìn ìyẹn, CMS. Ojoojúmọ́ ni kọ́ńdọ́ ń ké lẹ́tà mẹ́ta yẹn, ọ̀pọ̀ èrò ò sì mọ ohun tó jẹ́. Church Missionary Society ni, ẹgbẹ́ ajíhìnrere ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí Crowther bá ṣiṣẹ́, ilé ìtàwé wọn ló sọ àdúgbò náà lórúkọ. Crowther yìí, ọmọ Òṣogùn ni. Ọdún 1821 ni wọ́n kó o lẹ́rú, wọ́n tà á láti ọwọ́ dé ọwọ́ títí wọ́n fi mú un dé Èkó, wọ́n sì tà á fún àwọn Potogí. Ní 1822, ọkọ̀ ojú omi àwọn ọmọ-ogun Gẹ̀ẹ́sì gbà á sílẹ̀ lójú òkun, wọ́n gbé e lọ sí Sàró, ìyẹn Sierra Leone. Ó padà wá di bíṣọ́ọ̀bù, Èkó yìí náà ló kú sí ní ọjọ́ 31, oṣù Kejìlá, ọdún 1891. Ọmọdé tí wọ́n mú gba ìlú yìí kọjá nínú ẹ̀wọ̀n ló wá fún wa ní "àlọ àti ààbọ̀" lédè wa. Mi ò lè sọ̀ kalẹ̀ ní CMS kí n má rántí rẹ̀.

Èmi ni mò ń wa ọkọ̀ mi. Ṣé mo lè máa ka Bíbélì lórí fóònù nígbà tí ọkọ̀ bá dúró?

Rárá o. Fóònù ò gbọ́dọ̀ sí lọ́wọ́ yín. Ẹ̀mí ẹni tó ń sọdá níwájú yín wà lọ́wọ́ yín, iṣẹ́ ìsìn yín ní wákàtí yẹn ni pé kí ẹ lajú sílẹ̀. Ẹ lè gbọ́ Bíbélì tí wọ́n kà sílẹ̀ tí ẹ bá ti tan án kí ẹ tó gbéra. Ẹ lè kọrin. Ẹ sì lè gba ẹni tó fẹ́ wọlé síwájú yín láyè, ìyẹn náà ń gba oore-ọ̀fẹ́.

Kọ́ńdọ́ bú mi, ó tún gbé ṣéńjì mi lọ. Báwo ni mo ṣe fẹ́ rí Ọlọ́run nínú ìyẹn?

Ìbéèrè yìí ni wọ́n máa ń bi mí jù, mo sì fẹ́ fara balẹ̀ dáhùn rẹ̀, torí ìdí ṣéńjì ni mo ti máa ń mọ ibi tí ìgbàgbọ́ mi dé.

Ẹ kọ́kọ́ wo ọmọ náà. Ó ti rọ̀ mọ́ ilẹ̀kùn láti ìdájí. Ní bọ́sítọ́ọ̀pù kan sí òmíràn, agbèrò ń gba owó lọ́wọ́ rẹ̀. Epo wọ́n. Iye tí olówó ọkọ̀ ń retí lálẹ́ kò ní dín, èrò pọ̀ tàbí èrò ò pọ̀. Gbogbo èyí kò sọ èébú di ohun tó dára. Àmọ́ ó jẹ́ kí n mọ̀ pé èmi kọ́ ni ó ń bú gan-an. Tí mo bá wọlé tí mo sì kí i, "Ẹ kú iṣẹ́ o," mo ti rí i kí ojú ọmọkùnrin tí inú ń bí rọ̀ lójijì, nítorí láti àárọ̀, owó nìkan ni gbogbo ayé ń bá a sọ. Àwòrán Ọlọ́run wà lára rẹ̀ bó ṣe wà lára olùṣọ́-àgùntàn wa.

Tó bá jẹ ẹ́ mọ́ yín lọ́wọ́, ẹ béèrè owó yín. Ìgbàgbọ́ ò ní kí a máa sọ ẹ̀tọ́ nù. Ẹ kàn máà ṣépè.

Ẹ̀gbẹ́ kejì wà tí a kì í fẹ́ sọ. Bí kọ́ńdọ́ bá ṣìṣe tó fún yín ní owó tó lé ńkọ́? Mo ti gbọ́ tí onígbàgbọ́ pè é ní ìbùkún, tó tún dúpẹ́. Owó ọmọ ọlọ́mọ ni, òun ni yóò san án lálẹ́. Ìwé Òwe sọ pé ìwọ̀n èké, ìríra ni lójú Olúwa. Ẹ dá a padà kí ẹ tó sọ̀ kalẹ̀.

Èyí tó sì kọ́ mi jù lọ ni síso pọ̀. Ẹni tó bá ń gbé Èkó mọ̀ ọ́n: kọ́ńdọ́ ò ní owó wẹ́wẹ́, yóò fi owó kan lé àjèjì méjì lọ́wọ́, á ní kí wọ́n lọ pín in nílẹ̀. Lọ́jọ́ kan, ó so èmi àti obìnrin kan tó gbé ọmọ pọ̀n pọ̀ mọ́ ẹgbẹ̀rún náírà kan. Mo ti pẹ́, inú mi ò dùn rárá. A sọ̀ kalẹ̀, a ń wá ẹni tó máa bá wa fọ́ owó, oníbúrẹ́dì ní àfi tí a bá rajà. Bí a ṣe ń dúró ni obìnrin náà sọ fún mi pé ilé ìwòsàn ni òun ń gbé ọmọ lọ, pé ara ọmọ náà ti gbóná fún ọjọ́ mẹ́ta. Mo ra búrẹ́dì, mo ní kí ó mú gbogbo owó tó kù. Kò fẹ́ gbà á. Ó béèrè orúkọ mi kó lè fi mí sínú àdúrà, ó sì gbàdúrà fún mi níbẹ̀, lẹ́bàá títì, èmi tí mo rò pé èmi ni mò ń ṣe oore. Mi ò tún rí i mọ́. Láti ọjọ́ yẹn, tí kọ́ńdọ́ bá so mí pọ̀ mọ́ ẹnì kan, mo máa ń kọ́kọ́ wo ojú ẹni náà kí n tó wo owó.

Ṣé ó yẹ kí n máa wàásù nínú ọkọ̀?

Mo mọ̀ pé ọ̀pọ̀ ló ti gba Jésù nínú ọkọ̀, mi ò sì ní dá ẹnikẹ́ni tí Ọlọ́run rán lẹ́kun. Ṣùgbọ́n ẹ ka Ìṣe àwọn Àpọ́sítélì orí 8 dáadáa. Ìbéèrè ni Fílípì fi bẹ̀rẹ̀: ṣé ohun tí ò ń kà yé ọ? Ìwẹ̀fà náà ló bẹ̀ ẹ́ pé kó gòkè wá jókòó ti òun. Ibi tí ọkùnrin náà ti ń kàwé dé ni Fílípì sì ti mú ọ̀rọ̀. Kò pariwo mọ́ ọn.

Ẹni tó jókòó tì yín lè jẹ́ Mùsùlùmí tó ń fa tẹ̀sùbáà rẹ̀ jẹ́jẹ́. Inú ẹbí Yorùbá kan náà ni àwa àti wọn ti wá, nínú ẹbí tèmi, tẹ̀gbọ́n-tàbúrò ló pín sí méjèèjì. Tí èèyàn bá fi wákàtí kan bú ẹ̀sìn ẹni tí kò lè sọ̀ kalẹ̀, ẹ̀rí wo ló jẹ́? Ẹ fún arúgbó ní àyè jókòó. Ẹ bá aláboyún gbé ẹrù. Tí wọ́n bá wá bi yín léèrè ohun tó mú yín ṣe é, ẹ ti rí ìpè yín nìyẹn.

Sún-kẹrẹ fà-kẹrẹ ń sọ mí di oníbìínú. Wọ́n ní kí n kà á sí àgbélébùú mi. Ṣé òótọ́ ni?

Mi ò fara mọ́ ìyẹn. Ihò tó wà lójú ọ̀nà, ọwọ́ Ọlọ́run kọ́ ló gbẹ́ ẹ. Àwọn tó yẹ kó tún un ṣe ni kò tún un ṣe, ẹ má ṣe jẹ́ ká fi orúkọ Olúwa dí i. Àwọn wòlíì Bíbélì kì í dákẹ́ nígbà tí àwọn aláṣẹ bá ń jẹ́ kí ará ìlú jìyà. Jeremáyà sì kọ̀wé sí àwọn ìgbèkùn ní Bábílónì pé kí wọ́n máa wá àlàáfíà ìlú tí wọ́n wà, kí wọ́n sì máa gbàdúrà fún un. Ẹ gbàdúrà fún ọ̀nà yín, ẹ kọ̀wé sí ìjọba ìbílẹ̀ yín, ẹ dìbò.

Kí a sì sọ tiwa náà. Ṣọ́ọ̀ṣì wà tí ọkọ̀ àwọn ọmọ ìjọ ń gba ìdajì títì lọ́jọ́ ìsìn, tí ọkọ̀ tó gbé aláìsàn ò lè kọjá. Tí ìjọ yín bá wà nínú wọn, ẹ bá àwọn àgbà sọ̀rọ̀.

Ní ti ìbínú fúnra rẹ̀, ẹ gbé e fún Ọlọ́run bó ṣe rí. Sáàmù 13 bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú igbe: "Ìwọ ó ti gbàgbé mi pẹ́ tó, Olúwa?" Ẹni tó wà ní ojú kan láàrin Kétu àti Ọ̀jọ́ta láti ìṣẹ́jú àádọ́ta mọ bí wọ́n ṣe ń ka sáàmù yẹn. Ẹ kà á pẹ̀lú gbogbo ìbínú yín. Èyí tó kúrú jù tí mo máa ń sọ nígbà tí àyà mi bá ń ru sókè ni ti agbowó-òde inú Lúùkù 18: "Ọlọ́run, ṣàánú fún mi, èmi ẹlẹ́ṣẹ̀." Lọ́pọ̀ ìgbà, kí ọkọ̀ tó rìn ni ọkàn mi ti rìn díẹ̀.

Oorun ló máa ń gbé mi lọ láti ibẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ṣé mò ń fi àkókò Ọlọ́run ṣòfò?

Ẹ sùn. Jésù náà sùn nínú ọkọ̀ ojú omi, lórí ìrọ̀rí, nígbà tí ìjì ń jà. Kí ẹ tó di ojú, ẹ kàn sọ fún un pé ọwọ́ rẹ̀ ni ẹ wà, kí ẹ sì di báàgì yín mú dáadáa.

Àárọ̀ ni gbogbo èyí. Ìrọ̀lẹ́ ńkọ́, nígbà tó ti rẹ̀ mí?

Ààbọ̀ la máa ń gbàgbé. A ń fi àdúrà gbéra, a kì í fi ọpẹ́ wọlé.

Ignatius ará Loyola, tó fẹsẹ̀ rin ọ̀pọ̀ ọ̀nà ní Yúróòpù ní ọ̀rúndún kẹrìndínlógún, tó sì máa ń pe ara rẹ̀ ní arìnrìn-àjò, kọ́ àwọn tó tẹ̀ lé e pé kí wọ́n máa yẹ ọjọ́ wọn wò níwájú Ọlọ́run. Mo fi í sínú ààbọ̀ mi. Láti CMS sí Ojúẹlẹ́gbà, mo máa ń wá ohun tí mo fẹ́ dúpẹ́ fún, ì báà jẹ́ omi tútù tí ẹnì kan bù fún mi. Láti ibẹ̀ sí Ọ̀jọ́ta, mo máa ń wá ibi tí mo ti ṣìṣe, ẹni tí mo fi ohùn líle dá lóhùn ní ọ́fíìsì. Láti Ọ̀jọ́ta dé ilé, mo máa ń fi àwọn tó ń dúró dè mí nílé sí ọwọ́ Ọlọ́run, kí n má bàa gbé ìbínú títì wọlé tọ̀ wọ́n. Ìyàwó mi sọ pé òun máa ń mọ ọjọ́ tí mo ṣe é àti ọjọ́ tí mi ò ṣe é.

Ìrọ̀lẹ́ sì ni àwọn ọmọ-ẹ̀yìn Ẹ́máúsì dá Olúwa mọ̀, nígbà tó bu àkàrà nídìí tábìlì. Ojú ọ̀nà ni ọkàn wọn ti ń gbiná, àmọ́ ìgbà tí wọ́n wẹ̀yìn padà wo ọ̀nà náà ni wọ́n tó mọ̀.

Èmi ò gbé Èkó. Ṣé ó kàn mí?

Àbúrò mi obìnrin ń gbé ní Peckham ní London, ó ń wọ bọ́ọ̀sì ìdájí lọ tún ọ́fíìsì ṣe kí àwọn òṣìṣẹ́ tó dé. Ó ní ìdákẹ́jẹ́ ọkọ̀ ibẹ̀ lágbára ju ariwo tiwa lọ, ẹnikẹ́ni kì í kí ẹnikẹ́ni. Ohun tó ń ṣe ni pé ó máa ń kí awakọ̀ nígbà tó bá wọlé, ó sì máa ń dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ tó bá ń sọ̀ kalẹ̀, á wá fi gbogbo ìyókù gbàdúrà fún ìyá wa ní Ìkòròdú. Ẹni tó ń ṣiṣẹ́ nínú ilé náà ní ọ̀nà tirẹ̀: láti kànga dé ilé ìdáná, láti ilé ìdáná dé ọjà. Inú ilé ìdáná àwọn ará Karmẹ́lì ní Paris ni Arákùnrin Lawrence ti ṣiṣẹ́ ní ọ̀rúndún kẹtàdínlógún, ìdí ìkòkò ni ó ti mọ Ọlọ́run.

Kí ni mo lè bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú rẹ̀ lọ́la?

Bọ́sítọ́ọ̀pù kan ṣoṣo. Ẹ yan èyí tí ẹ ń kọjá lójoojúmọ́, kí ẹ sì yan ẹnì kan tí ẹ máa dárúkọ níwájú Ọlọ́run níbẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ kan. Tó bá jẹ́ Fádèyí ni, tí oorun sì gbé yín kọjá ibẹ̀, ẹ dárúkọ rẹ̀ níbi tí ẹ bá ti jí.